Àga Olóyè Akíndúró àti Apá Ọ̀rọ̀ Kẹsàn-án

Kí Olóyè Akíndúró tó dé ilé-ẹ̀kọ́ kankan, àga rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Orí Píjò ọ́fíìsì ni Gàfárù dírẹ́bà máa ń dè é mọ́, àga onítìmùtìmù pupa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Bí àwọn ọmọ bá ti rí ẹsẹ̀ àga yẹn lójú ọ̀nà báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé wàhálà dé. Olùkọ́ tó ń jẹ ẹ̀pà a gbé e mì tèèpo-tèèpo. Hẹdimásítà a máa fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ kiri abẹ́ tábìlì.

Bí ẹ bá ní kí ló dé tí àgbàlagbà ń gbé àga kiri bí ìgbín tó gbé ilé pọ̀n, Olóyè ní àga tíṣà kò yẹ ìdí tó ti jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́rin péré ni ó lò ní Lọ́ńdọ̀nù o, ó sì ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún ròyìn rẹ̀. Òun ni Alábẹ̀wò Àgbà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè Agbowó títí dé Baṣọ̀run, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ring Road ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nígbà tí ó tún lọ jẹ oyè ní abúlé kan tí ilé inú rẹ̀ kò pé ogún, orúkọ ara ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn débi pé wọ́n ní láti pe káfíńtà wá kan ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún ṣọ́jà ni ọdún tí à ń wí yìí. Wọ́n ń gbá òṣìṣẹ́ ìjọba dànù bí ẹni gbálẹ̀ àárọ̀. Wọ́n fún àwọn alábẹ̀wò ní ìwé pé kí wọ́n kọ orúkọ olùkọ́ tí kò wúlò sí i, kí wọ́n lè rí àyè lé e lọ sílé. Ti Olóyè Akíndúró, àpò agbádá rẹ̀ ni ìwé náà ń gbé. Bí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí àpò yẹn, a máa fi pa á jẹ́jẹ́ bí aboyún ṣe ń fọwọ́ pa ikùn.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ṣòfin nípa ohùn rẹ̀. Ó ní ó ń dun òun pé bí òun bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú yìí kò ní ọgbọ́n tó èyí tí yóò máa fi ṣòfò. Nítorí náà, bí òun bá ti wà lórí ìdúró nínú kíláàsì, ohunkóhun tó bá ti ẹnu òun jáde, kí gbogbo ọmọ gbà á, kí wọ́n sì sọ ọ́ padà lóhùn rara. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìgbà tí òun bá jókòó lórí àga òun ni kí wọ́n tó dákẹ́. Wọ́n tẹ òfin náà sórí ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo kíláàsì.

"Gúùdù mọ́nìn," Olóyè a wí.

"Gúùdù mọ́nìn," ọgọ́ta ọmọ a gbà á.

Bí ó bá wúkọ́, wọn a wúkọ́. Orí rẹ̀ a wú. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an, òun kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni ó sọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Agbowó, obìnrin kan wà tó ń kọ́ ìwé mẹ́fà. Moróunkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí, onítẹ̀bọmi, opó. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kun ọwọ́. Kò ní ju nǹkan méjì lọ láyé: iṣẹ́ yìí, àti Adùnọlá ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, Adùnọlá náà yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà kì í pariwo. Ṣùgbọ́n ohun tó bá mọ̀, ó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó mọ̀ jù ni apá ọ̀rọ̀ mẹ́jọ inú gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi ti ìwé nìkan kọ́ ọ. Láti ojú fèrèsé kíláàsì rẹ̀, ènìyàn lè rí ibi tí àwọn mọ́tò Mọ́kọ́lá ti ń kérò. Ó ní kí àwọn ọmọ wo mọ́tò. Èrò inú rẹ̀, ẹrù orí rẹ̀, ibi tó ń lọ, ohunkóhun tó bá ti ní orúkọ, náùn ni. Ẹni tó bá onímọ́tò di ìdí ọkọ̀ mú nígbà tí ó lọ jẹun, pronáùn nìyẹn. Ẹ́ńjìnì ni fáàbù: bí kò bá sí i, ẹ jókòó síbẹ̀ di ọ̀la, ẹ kò ní dé Mọ́kọ́lá. Ọ̀dà ara mọ́tò ni ájẹ́tífù. Bí ó ṣe ń rìn, yálà wéré ni tàbí wọ́ọ́rọ́wọ́, áfáàbù nìyẹn. Lórí, lábẹ́, nínú, ibi tí ẹrù wà, prẹpọsíṣọ̀n. Okùn tí wọ́n fi so mọ́tò tó kú mọ́ èyí tó yè, kọnjọ́ńṣọ̀n. Hóònù tí dírẹ́bà ń fọn láìnídìí, ìntajẹ́ṣọ̀n. Ọmọ tí kò tíì lè kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì mọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ni ẹsẹ̀ àga yọ lójú ọ̀nà. Olóyè wọ kíláàsì Moróunkẹ́ pẹ̀lú Sùrájù hẹdimásítà lẹ́yìn, ó dúró gbọin níwájú pátákó.

"Kí ni náùn?" ó bèèrè.

"Kí ni náùn?" ni ọgọ́ta ọmọ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ dá mi lóhùn."

"Mo ní kí ẹ dá mi lóhùn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín, òfin ni. Gàfárù ní láti sáré gbé àga wọlé kí ìjọba tó lè gbọ́ èsì ìbéèrè rẹ̀. Olóyè jókòó, kíláàsì pa lọ́lọ́. Àmúdàtù, ọmọbìnrin kékeré tó ń jókòó níwájú pátápátá, dìde.

"Náùn ni orúkọ ènìyàn, tàbí ẹranko, tàbí ibì kan, tàbí nǹkan, sà. Àpẹẹrẹ: Olóyè Akíndúró, ewúrẹ́, Agbowó, àga."

Ọmọ náà jókòó, inú rẹ̀ dùn. Olóyè na ìka sí i.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí pé èmi àti ewúrẹ́ wà ní kíláàsì kan náà?"

"Èmi ni, sà," Moróunkẹ́ wí. "Ẹ̀yin nìkan kọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọba wà níbẹ̀."

"Ìwọ obìnrin yìí, mo kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù."

"Lọ́ńdọ̀nù náà wà níbẹ̀, sà."

Sùrájù yára bọ́ síwájú. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ̀rù ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju eegun lọ. "Olóyè, ẹ máà jẹ́ ó bí yín nínú, àṣìṣe ni. A ó yọ ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ lónìí olónìí."

"Ewúrẹ́ kọ́ ni kí ẹ yọ," Olóyè dáhùn, ó dìde. "Èmi ni kí ẹ yọ."

"Ewúrẹ́ kọ́ ni kí ẹ yọ," àwọn ọmọ gbà á. "Èmi ni kí ẹ yọ."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti pe gbogbo hẹdimásítà jọ sí Ring Road. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì láìmu omi. Ó ní àwọn Òyìnbó tó ṣe gírámà, iṣẹ́ wọn dára díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ oyè, ẹni tí kò jẹ oyè kò sì lè mọ̀ pé orúkọ olóyè kì í ṣe orúkọ lásán. Ó ní níbi tí wọ́n bá ti ń ka tábìlì, àga, ewúrẹ́, tí wọ́n sì ka ènìyàn ńlá mọ́ ọn, ojú orílẹ̀-èdè ti fọ́ nìyẹn. "Láti òní lọ," ó wí, "apá ọ̀rọ̀ di mẹ́sàn-án. Ìkẹsàn-án ni Oyè. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fún àwọn ọmọ. Ẹ mọ èyí tí mo ń wí."

Àwọn hẹdimásítà pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ ń pọ́n. Ọ̀kan ní kí wọ́n má fi ṣe ìkẹsàn-án, kí ó jẹ́ àkọ́kọ́. Èkejì ní kò sí ohun tó ń jẹ́ mẹ́jọ tẹ́lẹ̀, òun ti ń fura. Ẹlẹ́kẹta sunkún. Gbogbo wọn ló mọ òótọ́ o. Gbogbo wọn ni wọ́n ti fi ẹgba kọ́ ọmọ ní mẹ́jọ rí. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú àpò agbádá.

Sùrájù gbé ìròyìn dé Agbowó, kò lè wo Moróunkẹ́ lójú.

"Ìyá Adùnọlá, ẹ bá mi sọ pé mẹ́sàn-án ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ìdánwò ìwé mẹ́fà ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mẹ́jọ ni ẹni tó ń máàkì mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ mẹ́jọ lọ́jọ́ ìdánwò, kí wọ́n wí mẹ́sàn-án bí Olóyè bá dé."

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Sùrájù yí padà, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ìwé kúẹ́rì dé lọ́jọ́ kejì: kí Moróunkẹ́ wí tẹnu rẹ̀ lórí ìdí tí ó fi ń rẹ ìjọba nípò sílẹ̀. Ó fi bébà kékeré kan dáhùn: "Mo gba ìwé yín, sà. Bí àwọn ọmọ bá kọ mẹ́sàn-án, àwọn ni yóò fìdí rẹmi, kì í ṣe ẹ̀yin." Olóyè kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá Àgbà kan ń bọ̀ láti Sẹkitéríàtì láti wá yan ẹni tí yóò di Olùdarí, kíláàsì Moróunkẹ́ yìí gan-an ni ó sì fẹ́ fi hàn án, nítorí ó mọ̀ pé kò sí kíláàsì mìíràn tó mọ̀wé tó o. Ó ránṣẹ́ sí i pé bí àwọn ọmọ bá wí mẹ́jọ lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣáájú nínú ìwé inú àpò.

Ó tún pàṣẹ fún Sùrájù pé kí gbogbo olùkọ́ dá owó ewúrẹ́ kan jọ fún àlejò. Wọ́n dá a. Moróunkẹ́ náà dá tirẹ̀ mọ́ ọn, nítorí wọ́n ní ẹni tí kò bá dá, kò wúlò.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, Moróunkẹ́ dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, ó wò wọ́n títí. Ó ti rò ó. Ó ti fi ojú inú rí Adùnọlá tó gbé àpótí sórí lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó mọ̀ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni, mẹ́sàn-án, ẹnu kò sì ní ya.

"Bí wọ́n bá bi yín lọ́la," ó wí, "ohun tí mo kọ́ yín ni kí ẹ wí."

Àmúdàtù nawọ́. "Mà, òfin ara ògiri yìí ńkọ́? Bí Olóyè bá dúró, ṣé ká ṣì máa gbà á lẹ́nu wọn?"

"Ṣé mo lè pa òfin ìjọba rẹ́? Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ọ̀gá Àgbà tí wọ́n ń retí, obìnrin ni, Ìyáàfin Oyèṣọlá, arúgbó kúkúrú tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Takisí gbé e sí ìta, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé kí ẹnikẹ́ni tó ṣetán. Olóyè ṣì wà lẹ́yìn ilé tó ń ṣètò ọrùn agbádá rẹ̀ lójú dígí mọ́tò. Inú kíláàsì ni Gàfárù wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga kalẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ìyá náà wí. "Orúnkún ń dùn mí." Ó sì jókòó sórí àga pupa.

Gàfárù lanu, ó pa á dé. Ẹ sọ fún mi, ta ni ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa tí yóò wí fún ìyá àgbà pé kó dìde lórí àga? Ó dọ̀bálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Olóyè wọlé. Ó rí àga rẹ̀, ó rí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Sùrájù yára fa àga tíṣà sún mọ́ ọn. Olóyè wò ó bí ẹni tó rí ejò. Ìdí tó ti jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dúró.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ó wí.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ọgọ́ta ọmọ wí.

Ìyáàfin Oyèṣọlá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìkíni ni. Olóyè tẹ̀ sétí Sùrájù, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ta ló fi obìnrin yìí sórí àga mi?"

Àmúdàtù tó wà níwájú gbọ́. Òfin ní wọn kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó gbé e, àwọn tó kù gbà á: "Ta ló fi obìnrin yìí sórí àga mi?"

Ìyá náà gbójú sókè.

"Ẹ dákẹ́," Olóyè wí.

"Ẹ dákẹ́."

"Eré ọmọdé ni, Mà."

"Eré ọmọdé ni, Mà."

"Olóyè, ẹ jókòó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," Sùrájù wí, ó ń ti àga tíṣà sí i nídìí.

"Sórí pákó yìí? Lójú obìnrin yìí?"

Wọ́n gba ìyẹn náà. Òógùn ti ń rọ̀ wọnú ọrùn agbádá. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tẹnu mọ́ etí Sùrájù títí irun imú rẹ̀ fi kan án: "Fi wọ́n sílẹ̀. Ewúrẹ́ tí ẹ dá ṣì wà ní búùtù. Bí wọ́n bá ti fi lé e lọ́wọ́, yóò fọwọ́ sí ìwé mi. Irú wọn kì í kọ ewúrẹ́."

Àmúdàtù tún gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ka ìlọ́po ìṣirò rí, ohùn tí wọ́n fi wí i nìyẹn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, láìsí àléébù: ewúrẹ́ tí ẹ dá, ní búùtù, yóò fọwọ́ sí ìwé mi, irú wọn kì í kọ ewúrẹ́. Níta, ewúrẹ́ náà ké. Wọn kò gba tirẹ̀. Òfin kò sọ tirẹ̀.

Ó yẹ kí Olóyè jáde nígbà yẹn. Ẹni tó bá mọ ìtìjú yóò ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹni ìgbéraga, bí ó bá jìn sí kòtò, ilẹ̀ ni yóò máa bá jà. Ó fa ìwé yọ lápò, ó nà án sí Moróunkẹ́.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí. Moróunkẹ́, lónìí ni orúkọ rẹ wọ inú ìwé yìí. O kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ kíláàsì yìí mọ́ láéláé."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí," àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀. "Moróunkẹ́, lónìí ni orúkọ rẹ…"

Ohùn wọn ń tín-ín-rín lọ. Wọn kò pe olùkọ́ wọn lórúkọ lásán rí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé "láéláé", Àmúdàtù nìkan ni ó kù, òun náà sì fi ìwé bojú, ó ń sunkún. Òfin Olóyè ṣubú níbẹ̀, kò sì tún dìde mọ́. Moróunkẹ́ kò kúrò lójú kan. 

Ìyáàfin Oyèṣọlá kò dìde. Ó na ọwọ́. "Ẹ mú ìwé yẹn wá."

Olóyè mú un wá.

"Kí ni obìnrin yìí ṣe?"

"Ó… ó kọ̀ láti kọ́ wọn ní apá ọ̀rọ̀ kẹsàn-án, Mà."

"Èwo ni ìkẹsàn-án?"

Olóyè wo ilẹ̀. Sùrájù, tí àyà rẹ̀ kò gbà á láti ogún ọdún wá, ló dáhùn: "Àwọn ni, Mà. Olóyè fúnra wọn ni ìkẹsàn-án. Wọ́n ní àwọn àti ewúrẹ́ kò lè wà ní kíláàsì kan náà."

Ìyá náà wo ìwé, ó wo ọkùnrin náà, ó wo àga tí ó jókòó lé. Ó ká ìwé náà sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ nu ojú yín nù, ẹ̀yin ọmọ. Tíṣà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Dírẹ́bà, lọ ṣí búùtù."

Oṣù méje ni ó ti kọjá. Moróunkẹ́ ṣì wà ní Agbowó, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́ta ló yege nínú ìdánwò. Wọ́n gbé Akíndúró lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn Dugbe, níbi tí ìjọba ń kó ṣọ́ọ̀kì àti bẹ́ǹṣì tó ti kán sí, kí ó máa ṣọ́ ọ títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kó ewúrẹ́ náà sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí ni, ẹ̀rí kò sì gbọdọ̀ kú. Òun ni ó ń já ewé fún un láàárọ̀. Ìgbìmọ̀ kò tíì jókòó. Ẹ̀yin náà mọ ìjọba.

Moróunkẹ́ lọ gba ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó bá a lórí ìdúró. Àga pupa wà nínú yàrá náà, ẹrù ìjọba kúkú ni, ewúrẹ́ ló sùn sórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó kí i, ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ kí ó kí àgbà.

Akíndúró la ẹnu. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú fèrèsé, bóyá ọmọ kankan wà nítòsí. Ó pa ẹnu dé, ó fi ìka tọ́ka sí páálí ṣọ́ọ̀kì, ó sì ti ìwé ẹrù sí i pé kí ó fọwọ́ sí i.

Moróunkẹ́ wọ awò ojú rẹ̀. Ìlà ojú ìwé náà kò gùn, kò gba oyè. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: ṣọ́ọ̀kì, dọ́sítà, bẹ́ǹṣì, àga kan, ewúrẹ́ kan, Dugbe, Akíndúró.

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọwọ́ tíṣà kì í gbàgbé: ó fa máàkì dáadáa kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó sì lọ wá mọ́tò Agbowó.